Àga Sá Nídìí Olùkọ́ Ẹ̀rín

Henri Bergson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé lórí ẹ̀rín ní 1900. Ó ní ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni kí ẹ̀dá alààyè máa ṣe bí ẹ̀rọ: nǹkan ti mọ́ ọn lára, nǹkan ọ̀hún yí padà, òun ò bá a yí. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga gidi, tó wá bá ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tí mo kà dé gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó la eyín. Mo ti sọ ti Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, tó ní nínú gbogbo ẹranko, èèyàn nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ti Plato, olùkọ́ rẹ̀, tó ní apanilẹ́rìn-ín gidi ni ẹni tó rò pé òun gbọ́n ju bó ṣe gbọ́n lọ. (Ẹ má bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán sọ̀rọ̀ Plato o.) Wọ́n fajú ro bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́.

Mo ní kí n fìdí lélẹ̀ díẹ̀. Táyà ló wà lẹ́sẹ̀ àga tí wọ́n gbé fún mi, ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà sì ń dán. Ojú mi wà nínú ìwé, ìdí mi ń wá àga. Bó ṣe fara kàn án báyìí, àga bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ẹ̀bá ògiri. Èmi, ìwé àti awò ojú mi, gbàà!

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níwájú. “Yéè! Ṣé ìbàdí ẹ ò yẹ̀?” Bergson ti sọ ìyẹn náà: àánú àti ẹ̀rín kì í gbé ojú kan. Mo juwọ́ sí i pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi wá rín, ó rín ju gbogbo wọn lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Herbert Spencer, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, ní 1860: agbára tí ara ti kó jọ de wàhálà, bí wàhálà ò bá wá mọ́, yóò wá ibi gbà jáde.

Ti Thomas Hobbes, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló dùn mí jù. Ní 1651, ó pe ẹ̀rín ní ògo òjijì: a rí àléébù ẹlòmíì, a rí i pé a sàn jù ú lọ. Ògo ọ̀hún kún ojú àwọn ọmọ yẹn bámúbámú. Hobbes gbà pé èèyàn lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín náà, bó bá jẹ́ àléébù àtẹ̀yìnwá. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀yìnwá wo, nígbà tí mo ṣì wà nílẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un ṣe. A ò rí i dáadáa láti ìhín.”

Mo ní Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Jámánì, ò ní gbà. Kant sọ ọ́ ní 1790 pé ẹ̀rín ń wá nígbà tí ohun tí a ń retí gidigidi bá di òfo lójijì. Ẹ̀yin sì ti mọ ibi tí mo máa balẹ̀ sí.

Ó rò ó díẹ̀. “Òsì lẹ ṣubú sí lẹ́ẹ̀kan, sà. Ẹ gba ọ̀tún lọ́tẹ̀ yìí.”