Ìrìnàjò Ẹṣin Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Rìn

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò ní oko ẹṣin kan tí wọ́n ti ń ran àwọn tí ara wọn kò lè dá dúró lọ́wọ́ láti gun ẹṣin, n kò sì gun ẹṣin rárá. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ni mò ń rìn láti àárọ̀ dọ̀sán, yípo pápá oníyanrìn kan, títí bàtà mi fi lu nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo lọ ṣe níbẹ̀, mo máa ń sọ pé mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ èèyàn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé òwe ni mò ń pa.

Oríta kan ni bọ́ọ̀sì já mi sí nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé kí n máa tẹ̀lé ọ̀nà eléruku, pé imú mi ni yóò júwe ìyókù. Òótọ́ sì ni. N kò tíì rí òrùlé kankan tí òórùn koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹṣin ti wá pàdé mi lọ́nà. Aṣọ funfun méjì wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Funfun kì í pẹ́ di nǹkan míì lọ́dọ̀ ẹṣin.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Mo kó ìgbẹ́, mo pọnmi, mo tún kó ìgbẹ́. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá wa, obìnrin tó tó bí mi, pè mí sọ́dọ̀ ẹṣin aláwọ̀ eérú kan tó ti dàgbà, èyí tí mo sọ ní Baba Àgbà nínú ọkàn mi. Ó ní kí n má gba ẹ̀yìn yọ sí i, kí n má sì lọ dúró gangan níwájú imú rẹ̀, nítorí ojú ẹṣin kò ká ibi méjèèjì yẹn. Kí n gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, kí n sì máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bọ̀.

"Má wé okùn mọ́ ọwọ́ o. Bó bá fi lè ta kìjí pẹ́nrẹ́n, á gbé ìka rẹ lọ."

Ó fi bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin hàn mí, ó mú irin kékeré kan, ó fi ha ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò nínú pátákò. Lẹ́yìn náà ló wá kan ọ̀rọ̀ etí. Etí ni ẹṣin fi ń sọ inú rẹ̀. Bó bá nà án síwájú, ohun kan ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá yí ọ̀kan sẹ́yìn, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló ń fetí sí. Àmọ́ bó bá lẹ méjèèjì mọ́rí pẹ́típẹ́tí, ẹ rọra máa sún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wá gan-an nìyí. Agẹṣin tí ara rẹ̀ kò bá lè dá dúró, èèyàn mẹ́ta ni yóò bá a rìn. Ẹnì kan á mú okùn níwájú, tirẹ̀ ni ẹṣin. Ẹni méjì á wà lọ́tùn-ún àti lósì, tiwọn ni agẹṣin, wọn ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n mọ pèpéle kan tó ń dagun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀yìn ẹṣin dọ́gba, kí ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gòkè, kó sì bọ́ sórí gàárì láìsí pé wọ́n ń gbé e gìrì bí ẹrù. Akoto ní láti wà lórí. Irin ìtẹsẹ̀ tí wọ́n ń lò ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí èèyàn bá ṣubú, rọ́bà yẹn á já, ẹsẹ̀ á yọ, ẹṣin ò ní wọ́ ọ nílẹ̀.

Agẹṣin ni mo pè é yẹn o. Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n níbẹ̀ nìyẹn. Abirùn kọ́, aláìsàn kọ́, kódà mi ò gbọ́ àkàndá ẹ̀dá lẹ́nu ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó gun ẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn á jù ú fún un. Oko yìí ni mo ti mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ pọ̀ nínú òwe yẹn. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbé ìbàdí ẹni tó jókòó lé e síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí onítọ̀hún bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e rìn rí, ìbàdí rẹ̀ á mọ ohun tó ń jẹ́ ìrìn. Ara ẹṣin tún gbóná ju tiwa lọ díẹ̀, ó tó 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru yẹn a sì máa bá itan tó ti le gbagidi sọ̀rọ̀. Gbogbo ìṣísẹ̀ ẹṣin ló ń bi ara léèrè pé ṣé o ṣì jókòó dáadáa? Ara ní láti wá èsì fún un.

N kò sọ pé ẹṣin ń wo àrùn sàn o. Inú mi kì í dùn sí àwọn tó ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló tiẹ̀ lè gùn ún. Ẹni tó ní àrùn Down, èyí tí wọ́n máa ń bí mọ́ni, wọ́n máa ń béèrè ohun tí dókítà rí nípa ọrùn rẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, torí eegun méjì tó wà lókè pátápátá lè máa yẹ̀ lára àwọn kan lára wọn. Ọmọkùnrin kan sì wà tí kò fẹ́ rí orí ẹṣin sójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sunkún lórí pèpéle. Ọ̀gá ò fipá mú un, búrọ́ọ̀ṣì ló kó fún un. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, ara Baba Àgbà ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, ó sì ń bá mi wí nígbàkigbà tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì tèmi dojú kọ irun.

Agẹṣin tèmi ni màmá kan tí rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Apá òsì yẹn ni wọ́n ní kí n wà. Mo ní láti gbé apá mi lé itan rẹ̀, kí n di etí gàárì mú, kó má baà yẹ̀. A ò tíì yípo lẹ́ẹ̀mejì tí apá mi fi ń gbọ̀n. Mo di màmá mú bí ẹni dì olè mú.

Ó wò mí látòkè. "Ọmọ yìí, ṣé mo jẹ ọ́ ní gbèsè ni?"

Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn gbé ọ̀rá kan kọjá lórí ọgbà. Baba Àgbà ta kìjí, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ kan péré. Àyà mi já, mo fi ọwọ́ méjèèjì ki màmá mọ́lẹ̀. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, ẹṣin ti dúró. Màmá ti fi ọwọ́ ọ̀tún di irun ọrùn rẹ̀ mú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Èmi ni mò ń fa ẹ̀wù rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ẹṣin ò dà mí," ló wí. "Ìwọ lo fẹ́ fà mí bọ́."

Ọ̀gá ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Tó o bá ń gbé e ró, kí ni iṣan rẹ̀ fẹ́ ṣe? Ara kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti bá a ṣe." Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ mi kúrò lára màmá. Ó kọ́kọ́ ní kí n gbé apá kúrò nítan, kí n di ọrùn ẹsẹ̀ nìkan mú. Ó yá, ó ní kí n kàn fọwọ́ kan bàtà. Kí ẹ sì wá mọ̀ pé ó rọrùn láti dì í mú ju kéèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ, kó má fọwọ́ kàn án.

Màmá yìí náà ló sọ ìtàn Lis Hartel fún mi, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì. Oyún wà nínú rẹ̀ ní 1944 nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n ní láti máa bá a gun ẹṣin ni, kí wọ́n tún bá a sọ̀ kalẹ̀. Ní 1952, ní Helsinki, Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí obìnrin ti bá ọkùnrin díje nínú eré tí wọ́n ti ń mú ẹṣin rìn bí ẹni ń jó, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Ó tún gba òmíràn ní 1956. Henri Saint Cyr, ará Sweden tó gba wúrà ní Helsinki, ló ràn án lọ́wọ́ dé orí pèpéle àwọn tó gbégbá orókè.

Ìgbà méjì ni màmá sọ ibẹ̀ yẹn. "Ṣé o gbọ́? Orí pèpéle ló ti ràn án lọ́wọ́. Nínú pápá ńkọ́? Òun àti ẹṣin rẹ̀ ni."

Mo ní mo gbọ́, mà.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, ẹni tó wà níwájú dẹ okùn, màmá sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìjánu. Ọwọ́ mi rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò jìn sí etí gàárì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Bá a ṣe ń yípo, a dé ẹnu géètì tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Etí Baba Àgbà kan yí sẹ́yìn, ó ń retí ohun tí màmá máa wí. Màmá wo kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó fa ìjánu sọ́tùn-ún.

"Ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́rin, mà," ni ọ̀gá dáhùn láti ìdí ọgbà.

"Ó dáa. Ọmọ yìí, gbẹ́sẹ̀."

Yanrìn ti kún inú bàtà mi. Mo gbẹ́sẹ̀.