Ìbọn Ṣíṣe Nílé: Níbo Lowó Ń Bá Lọ?

Ẹ dúró níbi táwọn èèyàn ti ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ ní Mọ́kọ́lá, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ ọ́: "Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ṣakabùlà látayébáyé, kí ló dé tí ìjọba ṣì ń kó dọ́là lọ ra ìbọn sójà lókè òkun?" Ìbéèrè náà dáa. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un ni mi ò fara mọ́, torí kì í ju "ìwà ìbàjẹ́" lọ. Ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí a bá tiẹ̀ gbá a kúrò nílẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ náà á ṣì le.

Alágbẹ̀dẹ máa ń fi fáìlì ha irin títí á fi wọ inú èkejì rẹ̀. Bí ọ̀gá kan náà bá rọ ìbọn méjì lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀yà ara ọ̀kan lè má wọ èkejì. Ọdẹ ò ka ìyẹn sí. Bó bá bàjẹ́, á gbé e padà sí ilé arọ. Sójà tó wà nínú igbó Sambisa ò ní ilé arọ kankan nítòsí. Ohun tí ilé iṣẹ́ ìbọn ń gba owó lé lórí ni pé ẹ̀yà ìbọn kìíní á wọ ìkẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láìsí pé fáìlì kàn án. Nígbà tí John Hall gba iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ìbọn kan bẹ́ẹ̀ ní Harpers Ferry, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1819, ó tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó parí wọn. Ẹ̀rọ àti géèjì, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ìwọ̀n irin wò, ló jẹ ẹ́ lákòókò.

Géèjì yìí làwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní Mọ́kọ́lá kì í rántí. Gbogbo ihò, gbogbo igun, ló ní géèjì méjì: ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé, èkejì ò gbọdọ̀ wọlé. Géèjì fúnra rẹ̀ a máa jẹ, torí náà ẹ nílò géèjì mìíràn tí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ̀n 20 sẹ́ńtígíréèdì ni gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan sí pé kí yàrá ìdiwọ̀n wà. Lóṣù kẹta ọdún n'Íbàdàn, tí iná lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, tí yàrá gbóná dé 35, irin tó gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà á fi nǹkan bíi 0.08 mílímítà gùn sí i. Ó ti tó ìbú irun orí kan. Lára àdá, ta ni yóò mọ̀? Lára ìbọn, ẹ ti dá a nù. Jẹnẹrétọ̀ àti dísù rẹ̀ ti wọ inú iye owó ìbọn nìyẹn, kí a tó kan irin rárá.

Irin wá ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń yọ́ níbí, àlòkù ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì, fíríìjì, páànù, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbà tó bá bá wáyà wọ inú ìléru kì í ṣeé yọ mọ́, ó sì máa ń mú kí irin sán nígbà tí wọ́n bá ń lù ú ní gbígbóná. Fún irin ilé kíkọ́, wọ́n lè fara dà á. Sípíríǹgì mọ́tò láti Agodi Gate dáa fún àdá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ kan ò bá ti èkejì mu, bẹ́ẹ̀ irin ìbọn ni a gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ìdì dé ìdì. Látọdún 1979 la ti ń retí ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òye ló wọ́n wa. Rọ́ṣíà gba ìbọn AK wọlé fún sójà wọn lọ́dún 1949, pẹ̀lú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti inú irin pẹlẹbẹ. Èyí tí wọ́n ń kọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n padà sí gbígbẹ́ ẹ láti inú odindi irin, bó tilẹ̀ wúwo tó sì wọ́n jù. Ọdún 1959, pẹ̀lú AKM tó rọ́pò rẹ̀, ni títẹ̀ náà tó yọrí sí rere. Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn SA80 jáde fún sójà wọn lọ́dún 1985, nígbà tó sì yá, wọ́n san £92 mílíọ̀nù kí ilé iṣẹ́ ìbọn Heckler & Koch tún nǹkan bí 200,000 nínú rẹ̀ ṣe. Ẹ pín in: ó lé ní £450 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìbọn tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti ọta ló tún burú jù, Ìbàdàn ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Látòósà, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tó ń lo kàtíríìjì (ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀) gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn l'Ékòó. Alágbẹ̀dẹ ìhà méjèèjì lè tún ṣakabùlà ṣe. Kàtíríìjì, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Bákan náà ló rí lónìí. Ká ní ọta kan jẹ́ ₦500, tí ìbọn sì yin 10,000 kí ẹnu rẹ̀ tó jẹ: mílíọ̀nù márùn-ún náírà ti gba ẹnu ìbọn kan lọ. Ẹni tó ń ṣe ìbọn tí kò ṣe ọta, igbá ló ń gbẹ́, kò lẹ́mu.

Kàdúná ni tiwa wà. Ìjọba dá DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà rẹ̀, sílẹ̀ lọ́dún 1964, Fritz Werner ará Jámánì ló bá wọn tò ó. Wọ́n ṣe ìbọn BM59 ti Beretta níbẹ̀, wọ́n ṣe FAL, lẹ́yìn náà ni OBJ-006 tó jọ AK. Nítorí náà, kì í ṣe pé a ò ṣe é rí. (Ẹ má lọ dán an wò lẹ́yìnkùlé o: Òfin Ìbọn ti 1959 ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti rọ ọ́ tàbí tún un ṣe lẹ́yìn ibi tí ìjọba fọwọ́ sí.)

Iye ìbọn tí ìjọba ń rà lọ́wọ́ DICON ni kókó. Ká fi ṣàpẹẹrẹ: ẹ ná bílíọ̀nù 20 náírà sórí ilé, ẹ̀rọ àti géèjì, ẹ sì fẹ́ gbà á padà láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí sójà bá ń ra 2,000 lọ́dún, mílíọ̀nù kan náírà ti wà lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan, kò tíì kan irin, owó oṣù tàbí dísù. Bó bá jẹ́ 50,000 lọ́dún, ó di ₦40,000. Íńdíà mọ̀ bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ AK-203 tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2021 fún ilé iṣẹ́ Korwa lé ní 600,000. Tiwa, ọdún yìí wọ́n á ra díẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á ní kò sówó, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ géèjì lò á ti lọ tún ọ̀kadà ṣe.

Òfin DICON tuntun ti 2023 ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti bá wọn dòwò pọ̀. Èmi ò ní béèrè ẹ̀rọ wo ni wọ́n kó dé. Ìwé àdéhùn ni mo fẹ́ rí: mélòó lọ́dún, fún ọdún mélòó, ta ló sì fọwọ́ sí i pé bí ìjọba bá yí padà, wọ́n á ṣì máa rà á?