Ẹ Bi Jíà Léèrè Kí Ẹ Tó Fi Agbára Kún Ẹ́ńjìnì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì gba ìdáǹdè ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà mẹkáníìkì wa ní Akúrẹ́. A kò tíì jẹun tán tí mo fi gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣèlérí fún oníbàárà kan pé òun yóò fi agbára kún Corolla ọ́tọ́ rẹ̀ débi pé kò ní sí mọ́tò tí yóò yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí mo bá a sọ ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró. Ohun mẹ́rin ni mo ní lọ́kàn, bí èkejì bá fi àyè sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

Èkíní, agbára tó ti sọnù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Corolla ọdún 2001 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE oní-lítà 1.8, ní horsepower 125 nígbà tó jẹ́ tuntun. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti jẹ, filítà atẹ́gùn ti dí, bíréèkì kan lè máa di táyà mú, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì sì lè ti dí, tí ẹ́ńjìnì á fi máa mu ọ́ìlì. Ẹ wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún atẹ́gùn mọ́ra tó. Bí ọ̀kan bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, owó oníbàárà ni ẹ ń sun bí ẹ bá ń so nǹkan mọ́ ọn láti òde. Ní ti gígé katalísì, ohun tí ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde, ariwo ni ó ń fi kún mọ́tò báyìí ju agbára lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń ra katalísì, ẹ sì mọ ìdí tí àwọn kan fi ń gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé e.

Èkejì ni ti jíà. Nínú mọ́tò mánúà, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń darí kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ọ́tọ́, ọ́ìlì ni ó ń ti àwọn pélétì inú jíà mọ́ra, kí wọ́n lè gbé agbára ẹ́ńjìnì fún táyà, kí mọ́tò tó lè lọ. Bí ọ́ìlì kò bá tì wọ́n le tó iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń rán wọn, wọn yóò máa yọ̀ lórí ara wọn títí wọn yóò fi jóná. Corolla ọ́tọ́ ìgbà náà tí wọ́n ń pè ní CE ní jíà onípele mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà kì í darí. Wáyà kan ni ó so ó mọ́ throttle, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì: bí wáyà náà bá ṣe fà tó ni jíà fi ń mọ bí ọ́ìlì yóò ṣe le tó, àti ìgbà tí òun yóò pààrọ̀.

Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá, tíṣà kan tó ń gbé ní Akúrẹ́ tó sì ń kọ́ni ní Òǹdó gbé irú Corolla yìí wá, ó ní kò lágbára mọ́ bí òun bá tan AC. Ọ̀gá mi yọ throttle ńlá lára Camry tó ti kú, ó gé irin pẹlẹbẹ kan láti fi so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, ó sì fi wáyà jíà kọ́ ọ. Mo tẹ iná (accelerator) dópin, mo yọjú wo wáyà, kò fà tó ìdajì. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà jíà yìí ò fà tó o.” Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ wá kọ́ òun níṣẹ́, gbogbo ọgbà sì bú sẹ́rìn-ín.

A gbé e lọ sí ọ̀nà Ọba-Ilé. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan iná ni mọ́tò ń fò, nítorí throttle ńlá máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn púpọ̀ wọlé ní kíákíá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dópin, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnì náà ń fà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń fà. Jíà sì ń pààrọ̀ wọ́ọ́rọ́, kíá, kò gbọn ẹnikẹ́ni. Tíṣà ní òun kò gbádùn jíà tó báyìí rí. Wọ́ọ́rọ́ tó ń yìn yẹn gan-an ni pélétì tó ń yọ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárín jíà kejì àti ìkẹta láìjẹ́ pé mọ́tò sáré sí i. Ọ́ìlì jíà tó pupa tẹ́lẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Ọ̀gá ní kí n da ọ́ìlì náà nù kí n rọ tuntun. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i pé wáyà ni, ó pa mí lẹ́nu mọ́, mo sì rọ ọ́ bó ṣe wí. Lọ́jọ́ tí tíṣà ń lọ síbi ìsìnkú ní Ìdànrè, tòun ti àgbàlagbà mẹ́rin àti kúlà oúnjẹ nínú búùtù, ẹ́ńjìnì ń pariwo lórí òkè, mọ́tò sì ń yí padà sẹ́yìn. Òkúta ni wọ́n fi di táyà. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé, ọ̀gá dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ọ́ìlì tí mo rọ ló pa jíà. A tú jíà náà. Àwọn pélétì ti jó kan irin. Ó rí i, mo sì rí i pé ó rí i. Síbẹ̀ ó yọ owó jíà náà lára owó mi, tíṣà náà kò sì dá mi lóhùn bí mo bá kí i mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá mi ni, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ kan throttle irú mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ padà wọn wáyà jíà. Ẹ tẹ iná dópin: àlàfo àárín ìdí rọ́bà wáyà àti kókó irin tó wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 1 lọ. Ẹ fi bíréèkì di mọ́tò mú nínú D, kí ẹ tẹ iná dópin fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá sáré kọjá ibi tó yẹ, pélétì ń yọ̀. Bí jíà bá ti ń yọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi turbo, ẹ̀rọ tí ń ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì, tàbí ẹ́ńjìnì ńlá lọ oníbàárà.

Ẹ̀kẹta kúrú: rédíátọ̀ kékeré tí ń tu ọ́ìlì jíà lára ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ẹ̀kẹrin, bí oníbàárà bá ṣì ta kú pé àfi kí agbára pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti kìlọ̀ fún òun, kí ẹ sì ya fọ́tò wáyà jíà náà kí mọ́tò tó jáde nínú ọgbà.