Oògùn kan náà ni ní Peckham àti n'Ísàlẹ̀ Èkó

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà n'Ídúmọ̀tà. Amlodipine yẹn náà ni. Kódà ìlànà táwọn dókítà ìlú ọba ń tẹ̀ lé ni pé tó bá jẹ́ èèyàn dúdú ni ẹ́, tó ò sì ní ìtọ̀ ṣúgà, irú ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹ. 140/90, ààlà ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ń wò ní Peckham, àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, náà ni nọ́ọ̀sì ń wò n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ń bọ̀ nílé làwọn ará ilé á ní kí n bá àwọn ra "ti òyìnbó" dání, pé ìyẹn ló lágbára. Agbára wo? Ohun tó lágbára níbí ni bí wọ́n ṣe máa ń lé èèyàn kiri.

Wọ́n ń lé èèyàn o. Mo kàn yà sí kẹ́mísì kan ní Rye Lane láti ra oògùn ikọ́ ọmọ mi, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bá ní ṣé mo ti pé ogójì ọdún, ṣé káwọn wo BP mi, ọ̀fẹ́ ni. Láti October 2021 nìjọba ti ń sanwó fáwọn kẹ́mísì ní England kí wọ́n máa wò ó fún ẹni tó bá ti pé 40 sókè. Tèmi ga. Ni wọ́n bá so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá pé kí n gbé e fún odindi ọjọ́ kan, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e sùn, ó kàn ń fún mi lápá ṣáá, torí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì máa ń ga tó bá ti rí dókítà lásán. Látìgbà yẹn mi ò nísinmi mọ́. Tẹ́ẹ̀sì GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, á wọlé pé wá yẹ BP wò, tí mi ò bá dáhùn wọ́n á tún fi òmíì ránṣẹ́. Oògùn mi, orí kọ̀ǹpútà ló ń gbà dé kẹ́mísì, èmi kàn máa lọ gbà á ni, £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti pé 60 ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má wá rò pé ìfẹ́ mi ló ń pa wọ́n o! GP tí BP àwọn aláìsàn ẹ̀ bá wálẹ̀ dáadáa, ìjọba ń fún un lówó lórí ẹ̀.

Màmá mi n'Ísàlẹ̀ Èkó wá ńkọ́, ta ló ń lé wọn? Èmi tí mò ń pariwo lórí WhatsApp nìkan ni. Wọ́n mọ̀ pé àwọn lẹ́jẹ̀ ríru, wọ́n mọ orúkọ oògùn wọn, wọ́n tiẹ̀ mọ iye míligíráàmù ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀ tórí ò fọ́ wọn mọ́, wọ́n á ní ara àwọn ti yá, wọ́n á sọ káàdì tó kù sínú dúrọ́ọ̀. Tówó bá há, wọ́n á lò ó lónìí, wọ́n á fo ọ̀la. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà? Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, táwọn ilé iṣẹ́ oògùn GSK àti Sanofi tún sọ lọ́dún yẹn kan náà pé àwọn ò ní máa fúnra àwọn ta oògùn ní Nàìjíríà mọ́, owó oògùn ti di nǹkan míì. Nígbà tó di February 2025, NAFDAC lọ ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa torí ayédèrú. Ó yẹ kí wọ́n lé ayédèrú lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ làwọn oníkẹ́mísì àdúgbò wa ti ń rajà, ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá oògùn kiri títí dé Mushin.

Ilé ìwòsàn ìjọba? Ìdájí ni wọ́n á ti lọ gba nọ́ńbà, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì dọ̀sán, tó bá wá kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì á jágbe mọ́ wọn: "Mama, ẹ ò lo oògùn yín àbí!" BP tó ti wálẹ̀ á tún gòkè lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà tó ń ká mi lára. Àwọn kan kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe nílé jọ, wọ́n gbé e jáde ní 2021: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó lẹ́jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà, 29 ló mọ̀, 12 ló ń gbàtọ́jú, àwọn tí tiwọn wá wálẹ̀ débi tó yẹ ò pé 3. 

Èyí tó wá ń bí mi nínú ni pé ìmọ̀ ẹ̀ wà nílé. Abuja ni wọ́n ti dán oògùn kan wò, oògùn mẹ́ta nínú hóró kan, 300 èèyàn ló wà nínú ìdánwò náà, èsì jáde ní 2024: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè BP (ìyẹn 140 inú 140/90) àwọn tó lo hóró yẹn fi 31 wálẹ̀, tàwọn tó lo oògùn bí ìlànà ìjọba ṣe wí fi 26. Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fáwọn èèyàn tiwọn láti June 2025. Ní Kwara, wọ́n fún àwọn ará oko ní inṣọ́ránsì ìlera olówó pọ́ọ́kú, nọ́ńbà òkè tiwọn fi bíi 10 wálẹ̀, tàwọn tí ò ní in fi bíi 5. Lágbègbè Abuja kan náà, wọ́n kó hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà 60 jọ látọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ò ka ìwé dókítà ló ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá Bẹ́gà ẹ ti débẹ̀, òun àti Kano nìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Kí màmá tèmi tó rí i n'Íta Fájì, ẹ máa bọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù náà níṣòro tiẹ̀ ṣá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí GP, ago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ máa pè, ẹ̀rọ á ní èèyàn ogún ló wà níwájú yín, tẹ́ ẹ bá sì wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà tẹ́ ẹ rí lónìí, ẹ lè má rí i mọ́ láéláé. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń ṣe kíà, tó ń fi búrẹ́dì àti tíì gbé ara ró, àwọn náà ń gbàgbé oògùn. Ó kéré tán, búrẹ́dì yẹn, wọ́n ti rọra yọ díẹ̀ nínú iyọ̀ ẹ̀ láti bíi 2003. Iyọ̀ tẹ́nì kan ń jẹ lójúmọ́ kúrò ní gíráàmù 9.5, ó dé 8.1 nígbà tó fi máa di 2011. WHO ní kó má tó 5. Mo dá a lábàá fún màmá mi pé kí wọ́n dín magí kù, wọ́n ní ṣé ọbẹ̀ aláìsàn ni mo fẹ́ káwọn máa sè fún àlejò ni.

Èèyàn pọ̀ nílé, ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ò ní nìyẹn. Ní Los Angeles, wọ́n ṣèwádìí pẹ̀lú ọkùnrin dúdú 319 ní ṣọ́ọ̀bù bábà 52, wọ́n gbé fámásísì lọ bá àwọn kan nínú wọn, kí wọ́n máa wo BP wọn, kí wọ́n sì máa fún wọn lóògùn níbẹ̀. Nọ́ńbà òkè tàwọn yẹn fi 27 wálẹ̀ lóṣù mẹ́fà, àwọn tí bábà kàn sọ fún pé kí wọ́n lọ rí dókítà, tiwọn fi 9. Ẹ sọ fún mi, ọkùnrin Lafiaji wo ni kì í lọ sọ́dọ̀ bábà? Dókítà ni wọn kì í fẹ́ rí.

Tiwa, oníkẹ́mísì òpópónà wa ni ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀. Ó ti wá ní ìwé èsáísì kan báyìí, orúkọ gbogbo màmá àti bàbá tó ń lo oògùn BP lọ́dọ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀, tí káàdì bá ti fẹ́ tán á pè wọ́n, tí wọ́n bá dé á kọ́kọ́ wo BP wọn kó tó ta. Mo bi í léèrè lórí fóònù pé èélò ni ká máa fún un. Ó ní: "Àǹtí, tí wọn ò bá lo oògùn, ta ni mo fẹ́ tà á fún?" Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an ni, ó jọ ti GP mi. Màmá mi ló ń ráhùn. Wọ́n ní ọmọkùnrin yẹn ò jẹ́ káwọn gbádùn, pé ó ń pe àwọn bí ẹni pé àwọn jẹ ẹ́ lówó, ó tiẹ̀ tún pè níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé.