Àdírẹ́sì kan ni mo pa rẹ́, márùn-ún ló lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Táńkẹ̀, Ìlọrin níbí, fẹ́ tẹ “ip addr del”, àṣẹ tó ń pa àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ́, sórí kọ̀ǹpútà firewall, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo gbá a lọ́wọ́ mú, mo sì pariwo. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ ohun tó fa ariwo náà.

Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì sínú ẹ̀rọ Linux, kí ọ̀kan kọjú síta, kí èkejì kọjú sílé. Mi ò ní tún ìyẹn sọ.

Èkíní, ẹ ka àdírẹ́sì yín dáadáa. /29, àmì tó ń sọ iye àdírẹ́sì tí wọ́n fún yín, jẹ́ 8, àmọ́ ẹ ò lè lo àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, router àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì sì ń gba ọ̀kan. 5 ló kù. Bó bá jẹ́ 203.0.113.8/29, tí router wọn wà lórí .9, .10 dé .14 ni tiyín.

Èkejì, àdírẹ́sì tí ẹ bá fi “ip addr add” tẹ̀ kì í dúró. Bí ẹ̀rọ bá kú tó tún tàn, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ẹ̀rọ máa ń kà bó bá ń tàn.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Gbogbo ilé wa la jọ lọ síbi ìsìnkú ní Òmù-Àrán. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń dá lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì (email) ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan padà, torí kòkòrò tó wọ kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ mi ti ba .10 lórúkọ jẹ́, .10 yẹn sì ni gbogbo ohun tó wà nílé ń gbà jáde. Mo rò pé bí mo bá yọ .10, .11 á bọ́ sípò rẹ̀. Mo wọlé láti ọ̀nà jíjìn, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ dúró gbagidi.

Àdírẹ́sì tó bá kọ́kọ́ wọlé nínú ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, bíi /29 yẹn, ni olórí. Ìyókù ń tẹ̀ lé e ni. Bí olórí bá lọ, Linux á kó gbogbo wọn dànù, àfi bí promote_secondaries, ètò tó ń jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e di olórí, bá jẹ́ 1. Ọ̀pọ̀ Linux òde òní ti fi í sí 1 fúnra wọn. Tèmi ti pẹ́, 0 ló wà.

Ilé wà ní títì. Iná lọ lóru, inverter tí mo fowó gidi rà kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kú, ká ní ó tiẹ̀ kú kó tún tàn. Ọjọ́ kejì, èsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan ló yẹ kó jáde lórí .12. Mo wọ mọ́tò ní ìdájí, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo, mo sọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀ffà, mo gun ọ̀kadà délé. Àwọn òbí ti ń pe Àlàájà tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà láti àárọ̀. Kò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ó ṣì ń dùn mí di òní.

Ìlà kan ló yẹ kí n kọ sínú iptables, ìwé òfin firewall, ṣáájú ìlà MASQUERADE tó ń mú gbogbo ilé gba .10 jáde: kí ẹ̀rọ lẹ́tà, 192.168.1.20, máa gba .11 jáde nípasẹ̀ SNAT, òfin tó ń yan àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ á gbà jáde. N kì bá tí fọwọ́ kan .10 rárá.

Ọmọ tí mo gbá lọ́wọ́ mú yẹn, mo ní kó kọ́kọ́ fi fáìlì nẹ́tíwọ́ọ̀kì pamọ́, kó wá tẹ “shutdown -r +10” kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Bó bá ti ara rẹ̀ mọ́ta, ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Bí iṣẹ́ bá lọ dáadáa, kó tẹ “shutdown -c” láti fagi lé e.