Ọmọ mi ò mọ orúkọ mi

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí èmi àti ẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó. Mo ní èmi àti ẹ̀, torí èmi alára, pẹ̀lú gbogbo irùngbọ̀n mi, n ò débẹ̀ rí. Òfì ni mò ń hun n'Ísẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń di ẹrù fún àwọn oníbàárà l'Ékòó, àmọ́ dẹ́rẹ́bà ni mo máa ń fi rán. Lọ́dún náà, ìyá ìyàwó kan ní òun ò ní san ìyókù owó àlààrì òun àfi tí òun bá fi ojú ara òun rí ẹni tó hun ún. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, Àbẹ̀kẹ́ sì dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ní ó dáa, ká jọ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú ọmọ lọ s'Ékòó fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀nà tẹ́ ẹ sì fẹ́ ṣe bí ẹni mọ̀nà níwájú ọmọ yín.

Ìrìn àlọ dùn, n ò ní parọ́. Láti Ìsẹ́yìn, mọ́tò gbé wa dé Mọ́níyà, níbi tí ibùdó rélùwéè Ìbàdàn wà. Ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ tí mọ́tò máa ń mú bì, òun ni kẹ́ ẹ bá lọ. Àbẹ̀kẹ́ tí kì í dé Ọ̀yọ́ kó má bì, etí fèrèsé ló jókòó sí tó ń ka màlúù títí a fi dé Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Àmọ́ kẹ́ ẹ tètè dé ibùdó o. Mọ́tò gáréèjì á dúró de èrò títí tó fi máa kún, rélùwéè ò mọ ìyẹn.

Ẹ̀bútè-Mẹ́ta la ti wọ dánfó tó ń lọ Ìdúmọ̀tà. Kọ̀ńdọ́ ń kígbe pé, "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Mo rò pé orin lásán ni. Ìgbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló fi náírà ẹgbẹ̀rún kan ṣoṣo lé èmi àti ọkùnrin kan lọ́wọ́, ó ní òun ti so wá pọ̀, ká lọ pín in. Ọkùnrin náà ti fò bọ́ọ́lẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń lé ẹni tí kò mọ̀ rí kiri láàárín ọjà, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ kan, àpò òfì léjìká? Mo fi ṣéńjì sílẹ̀ fún un. Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ sínú àpò tó yà sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Orí afárá Carter ni ìtìjú àkọ́kọ́ ti bá mi. Àbẹ̀kẹ́ rí omi, ó ní, "Bàbá, ṣé òkun nìyẹn?" Mo dáhùn kíákíá, mo tún gbé ohùn sókè, pé òkun ni. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọ̀sà lẹ̀ ń pè lókun yẹn o." Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó kàn wò mí lójú. Bí mo bá ti sọ fún un níbẹ̀ pé ọmọ mi, èmi náà ò mọ ibí, bóyá ìṣọ́ra ẹ̀ ìbá ti lé sí i. Ó gbà pé ibi tí bàbá òun bá ti wà, kò séwu, torí bàbá òun mọ̀lú. Ìgbàgbọ́ yẹn ló fẹ́ẹ̀ kó bá wa.

Ìdúmọ̀tà nìyẹn. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, àmọ́ ó yàtọ̀ kí ojú ẹni rí i. Èrò ń tì ọ́ níwájú, alábàárù ń pariwo "Ẹ yà lọ́nà!" lẹ́yìn, ọ̀kadà ń kọjá níbi tí ẹsẹ̀ ò ti gbà. Fóònù mi dún, oníbàárà ń júwe ilé fún mi. Mo fi ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí n lè gbé àpò sí èjìká kejì. Mo ní, "Di aṣọ mi mú." Ó dì í mú lóòótọ́. Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ọmọ.

Aṣọ búlúù ni mo wọ̀. Ọkùnrin míì wà níbẹ̀ tó wọ búlúù, èrò ya ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ kúrò lára tèmi, ó sì di tonítọ̀hún mú, ó ń tẹ̀lé e lọ. Ìyẹn ò mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun.

N ò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi wá a. Mo sáré lọ sí òkè, mo sáré padà. Mo ń ka súrà, ìparí ọ̀kan ń bọ́ sínú ìbẹ̀rẹ̀ òmíì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn láti inú gbohùngbohùn, ohùn oníjẹ̀dí tó ti ń polówó látàárọ̀: "Bàbá Àbẹ̀kẹ́! Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ará Òkè-Ògùn! Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ ìyá olówùú, ẹ sáré máa bọ̀ o!" Kò tiẹ̀ mí tó fi bọ́ padà sórí ẹ̀yìn ríro àti ìnira ìgbẹ́.

Orí àpótí ni mo bá a, ó ń mu omi. Ìyá olówùú ò bá mi ṣeré. Ó ní òun bi ọmọ yìí pé ta ni bàbá ẹ̀, ó ní Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ ìyá ẹ̀ ńkọ́? Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Níbo lẹ ti wá? Ilé. Nọ́ńbà fóònù? Kò mọ̀ ọ́n. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé ará Ṣakí lọkọ mi," ló wí. "Bó ṣe lanu báyìí ni mo mọ̀ pé ọmọ Òkè-Ògùn ni."

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́ ọmọ, n ò kọ́ ọ lórúkọ mi. Nílé, ta ló nílò ẹ̀? Gbogbo àdúgbò ló mọ ilé wa.

Alẹ́ ọjọ́ náà, nílé àbúrò mi ní Mushin, a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: orúkọ mi àti ti ìyá ẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, orúkọ ìlú, àti nọ́ńbà mọ́kànlá tó wà lórí fóònù mi. Nọ́ńbà yẹn ò wọ̀ ọ́ lórí àfi ìgbà tó fi pàtẹ́wọ́ bí eré òṣùpá. Mo tún sọ fún un pé bó bá ti sọnù, kó dúró gbọin síbi tó wà, èmi ni mo máa wá a. Bí ẹ̀rù bá bà á, kó lọ bá obìnrin tó jókòó ní ìsọ̀ tiẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń kiri. Ìsọ̀ kì í rìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo já ọjá òfì kan, mo so ó mọ́ ọwọ́ ẹ̀ àti ọwọ́ mi. Kọ̀ńdọ́ kan bi mí bóyá ẹran Iléyá ni mò ń fà lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan. Ọkọ̀ Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí lọ́dún 1976 wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó wo àwọn ère, ihò ọta ìbọn ló ń kà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan èyí tó wù ú. Láti Marina a wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó ń lọ Mile 2, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2023. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀, káàdì Cowry ni wọ́n ń lò. Àbúrò mi ló yá wa ní tiẹ̀. Bó ṣe ń gbà orí omi kọjá, Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ọ̀sà nìyẹn," kò bi mí.

Nígbà tí a ń padà sí Mọ́níyà, ó ní ó kàn mí, kí n ka nọ́ńbà ìyá òun fún òun láìwo fóònù. Mo ṣe dáadáa títí dé ìkeje. Ìkẹjọ ò wá. Mo bojú wo ìta bí ẹni tó ń wo oko, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìkẹjọ ò wá. Abẹ́òkúta la dé kó tó dẹ́kun ẹ̀rín, ó ní kí n pàtẹ́wọ́ sí i.