Ẹ Bèèrè Ìtàn Ewì Kí Ẹ Tó Túmọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ Íńdíà, ẹ fetí sí mi lórí ewì èdè Telugu tí wọ́n ń pè ní chatu. Ewì àtẹnudẹ́nu ni, ẹsẹ kan péré ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ló ń bí i, nítorí náà ìtàn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ wo èyí tí wọ́n fi sẹ́nu Tenali Ramakrishna, akéwì ààfin Krishnadevaraya tó jọba ní Vijayanagara láti 1509 sí 1529. Ẹnìkan tó fẹ́ dójú tì í ju ìlà kan sí i pé: "Agbo erin kó sọ́fun ẹ̀fọn." Samasya nìyẹn: wọ́n á fún akéwì ní ìlà ìkẹyìn tí kò bọ́gbọ́n mu, òun ni yóò wá ìlà tó máa ṣáájú rẹ̀, láìrú òfin ìwọ̀n ewì. Ramakrishna fún un lésì: ṣé igbó lo mu yó ni, ọmọ aṣẹ́wó? Níbo ni agbo erin ti kó sọ́fun ẹ̀fọn?

Nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ wá fi ìlà kan náà lọ̀ ọ́, inú Mahabharata, ìtàn akọni ńlá ilẹ̀ Íńdíà, ló lọ. Ó ní àwọn Pandava, tẹ̀gbọ́n tàbúrò márùn-ún, akọni tó ń fọ́ ọ̀tá túútúú, ló wá di ìránṣẹ́ ọba Virata. Nínú wọn, Bhima di alásè, Arjuna ń kọ́ni níjó. Agbo erin ti kó sọ́fun ẹ̀fọn lóòótọ́!

Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó túmọ̀ èsì tí ọba gbà, tó sì fo èsì èébú nítorí ìtìjú. Ewì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tí èsì méjèèjì ti kojú ara wọn ni adùn rẹ̀ wà.

Wọ́n ní òùngbẹ gbẹ Srinatha, akéwì Telugu mìíràn, ní Palnadu, ilẹ̀ olókùúta, ló bá kọjú sí òrìṣà Shiva: olówó ló lè fẹ́ 16,000 obìnrin, kí ni alágbe bíi tìrẹ fẹ́ fi ìyàwó méjì ṣe? Jọ̀wọ́ Ganga, Parvati tó ọ! Ẹni tí kò mọ̀ pé odò ni Ganga, pé orí Shiva ló ń gbé, kò ní mọ̀ pé omi ni ọkùnrin yìí ń tọrọ.

Ẹ má sì jà jù lórí ẹni tó ni ewì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kàn so mọ́ Srinatha lórúkọ, torí pé ó jọ ohun tí irú rẹ̀ máa sọ.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ wo ashtavadhanam, eré tí wọ́n fi ń dán akéwì wò ní gbangba. Ènìyàn mẹ́jọ máa ń dojú ìbéèrè kọ akéwì kan, iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì ni kó máa fi ọ̀rọ̀ tí kò kàn án dí i lọ́wọ́.